Bí Mo Ṣe Fi Bíró Pa Ogún Ìyá ní Attiégou

Ẹ fún mi láyè kí n tú àṣírí ara mi kí ẹlòmíràn tó bá mi tú u. Àwọn tó ń gbé Attiégou, àdúgbò wa ní Lomé, ti gbọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀, wọ́n sì ti ń bu iyọ̀ sí i. Ẹ̀yin, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀daràn fúnra ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò parí ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò BAC 1 ní girama, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló gbé mi ṣánlẹ̀. Wọ́n ní kí n tún kíláàsì ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kí kíláàsì lọ tún ara ẹ̀ ṣe. Látìgbà náà ni mo ti ń jókòó sójúde ilé ìyá mi, tí mò ń ṣe ọ̀mọ̀wé fún àwọn tí kò mọ̀wé. Tó o bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí lándílọ́ọ̀dù, èmi ni. Tó o bá fẹ́ fi Faransé bẹ ọmọge, èmi náà ni. Faransé mi dà bí ọtí: ẹni tó mu ún kò mọ ohun tó ń sọ, èmi tí mo pọn ọ́n gan-an ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tísà. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò fẹ̀yìn tì. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú tí kò sí ilé ìwé, àti láàárọ̀ Sátidé, ó máa ń kó àwọn ọmọ jọ sábẹ́ búkà kan nínú àgbàlá ẹ̀, á kọ́ wọn ní ìwé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ eléèédú, ọmọ ẹlẹ́ja, ọmọ ẹni tó ń fọṣọ fún ẹni ẹlẹ́ni. Ní ilé ìwé gidi tí wọ́n ń lọ láàárọ̀, kíláàsì kún débi pé ọmọ lè lo ọdún kan kí tísà má mọ orúkọ ẹ̀. Abẹ́ búkà yẹn ni wọ́n ti ń mọ̀ pé lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Akúvi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá ẹ̀ ti kú, ọwọ́ ìyá ìyá ẹ̀ ló wà. Kó tó máa wá, orí títì ló máa ń wà, tó ń kiri omi inú ọ̀rá. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Wàhálà dé nígbà tí atẹ́gùn ṣí páànù mẹ́rin lórí búkà náà. Èyí tó kù síbẹ̀ ti di ajọ̀. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwé gbogbo ọmọ di ẹ̀kọ. Màmá Tísà sọ ọ́ tààrà: bí òjò ńlá bá bá òrùlé yìí báyìí, òun á dá lẹ́sìnnì dúró, òun ò ní fi òtútù pa ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo wa la mọ ibi tí Akúvi máa padà sí.

Ìgbà náà lẹnì kan sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé fáńdéṣọ̀n kan ń fún àwọn tó ń kọ́ ọmọdé lówó ìrànwọ́, kó kọ̀wé sí wọn. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Káyọ̀dé, ìwọ lo mọ Faransé ńlá-ńlá tí kò wúlò. Ó ti rí iṣẹ́ o. Wá bá mi kọ ọ́."

Ojú ewé mẹ́tàdínlógún ni fọ́ọ̀mù náà. Mo ti rí ìdánwò láyé mi, mo sì ti fìdí rẹmi nínú èyí tó pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ mi ò rí irú èyí rí. Wọ́n ní kí la rò nípa "théorie du changement", ìyẹn tíọ́rì àyípadà. Èwo ni tíọ́rì? Òrùlé ń jò, ẹ fún wa ní páànù, kò ní jò mọ́. Ṣé ìyẹn ò tó tíọ́rì ni? Wọ́n béèrè "impact", ipa tí owó máa ní. Wọ́n béèrè "indicateurs", àmì tí wọ́n máa fi mọ ipa ọ̀hún. Ojú ewé mẹ́tàdínlógún, kò síbi kankan tí èèyàn lè kọ páànù sí. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù yẹn, mo fẹ́ búra pé òjò ò pa á rí.

Mo gbé e lọ bá Sélom, ọ̀rẹ́ mi tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ó ka ohun tí Màmá Tísà ní kí n kọ, pé àwọn ọmọ ń bẹ, òrùlé ń jò. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá yẹn sùn lé fọ́ọ̀mù lórí ni. Ó ní òrùlé tó ń jò ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún, ọmọ òrukàn ló ń pa wọ́n lẹ́kún. Ó ní mélòó ni mo ní níbẹ̀?

Mo ní ọ̀kan.

Ó ní, "Ọ̀kan? Ó yá, wá òmíràn kún un."

Ẹni tó lórí á ti dìde níbẹ̀. Èmi, igbá òfìfo ló wà lọ́rùn mi. Mo ṣí ìwé ìpè orúkọ tí Màmá Tísà fún mi, mo yọ bíró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ikú sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn ọmọ.

Ìyá Rashídà ni mo kọ́kọ́ pa. Ará Bẹ̀nẹ̀ ni, ó ń ta èédú ní ìkóríta wa. Mo ní zém, ọ̀kadà akérò, ló gbá a. Ìyá Kòfí tó ń ta ẹja, mo ní ibà ni. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí, mo kó ìyá méje pọ̀, mo ní ilé wó lù wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ogún ìyá lápapọ̀, torí àwọn kan ní ọmọ méjì níbẹ̀. Ìgbà tí mo dé orí Akúvi, mi ò rí iṣẹ́ ṣe, ikú ti bá mi ṣe é. Ẹ wo irú ẹni tí mo jẹ́: mo dúpẹ́.

Gíláàsì Màmá Tísà ti fọ́ nígbà yẹn, kò lè ka ìwé wínníwínní. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo ka èyí tó fẹ́ gbọ́.

"O kọ páànù síbẹ̀?"

"Mo kọ ọ́, Mà."

Ó fọwọ́ sí i. Obìnrin tó ti kọ́ ìdajì Attiégou níwèé, ó fọwọ́ sí ohun tí kò kà, torí pé èmi ni mo kà á fún un.

Oṣù kan kọjá, íméèlì dé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa wọ àwọn lọ́kàn púpọ̀. Ṣé ìyàlẹ́nu ni? Odidi ilé wó lu èèyàn méje. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn kan máa wá wo àwọn ọmọ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀.

Mo ra bísíkíìtì. Mo kó àwọn ọmọ sẹ́yìn ilé, mo kọ́ wọn: tí obìnrin náà bá béèrè ìyá yín, ẹ ní ó ti kú. Ẹni tó bá sọ ọ́ dáadáa gba bísíkíìtì méjì. Rashídà, ọmọ ọdún méje, nawọ́ sókè.

"Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, ṣé màmá mi máa jí tí obìnrin náà bá lọ?"

"Á jí."

"Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́?"

Mo ní kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Tèmi náà balẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí ó ṣe mí? Òmùgọ̀ kì í ríran ju imú ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo gbàgbé nìyí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́, èmi tí wọ́n fi Yorùbá tọ́ dàgbà. Màmá Tísà ti rán iṣẹ́ sí gbogbo ilé: àlejò ń bọ̀ wá ṣe àwọn ọmọ wa lóore, ẹ má jẹ́ kí ọmọ nìkan pàdé ẹ̀. Ìyá wo ló máa gbọ́ irú èyí kó jókòó sílé? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ sí wa létí. Mo mọ̀ ọ́n. Ó kàn jẹ́ pé ìgbà tí mò ń pa wọ́n, mi ò rántí pé òkú Yorùbá pàápàá á dìde wá dúpẹ́.

Ọjọ́rú dé. Mọ́tò funfun kan dúró, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ara ẹ̀ ń ta sánsán, tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Madame là ń pè é. Dírẹ́bà ẹ̀ yọ bánà ńlá kan, ti rọ́bà, ó so ó mọ́ ògiri. Àwòrán ọmọ kan wà lára ẹ̀ tí eyín ẹ̀ funfun bí àgbọn, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Un sourire pour chaque enfant", pé ẹ̀rín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Madame wo àwọn ọmọ títí, ojú ẹ̀ bà lé ẹsẹ̀ Kòfí. Kòfí wọ bàtà. Ó rọra ní kí Kòfí bọ́ ọ ná, fún fọ́tò yìí nìkan. Mo ní mo gbọ́n, àṣé mo ní ọ̀gá.

Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ó bi Rashídà pé ìyá ẹ̀ ńkọ́. Rashídà wo àpò mi níbi tí bísíkíìtì wà, ó ní ìyá òun ti kú. Ó rò ó wò, ó fi kún un pé àmọ́ ó máa dé kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Madame mí kanlẹ̀, ó tẹ nǹkan sí tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo yọjú wò ó: ó ní ọmọ yìí nílò ìtọ́jú ọpọlọ.

Ó dé ọ̀dọ̀ Akúvi. Ìbéèrè kan náà. Akúvi na ìka sí Màmá Tísà, tó ń to àga lódìkejì àgbàlá níbi tí kò ti gbọ́ wa, ó ní, "Ìyá mi nìyẹn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi. Ikú kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo ìwé mi, òun lẹni tó ni ín kọ̀. Mo fún gbogbo ọmọ ní bísíkíìtì. Mo fi tiẹ̀ sápò.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Rashídà ló ṣíwájú. Ó wọ léèsì Iléyá, ó gbé abọ́ àkàrà dání. Lẹ́yìn ẹ̀, obìnrin mọ́kàndínlógún. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, gbogbo wọn ti para. Mi ò rí òkú tó dán tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Rashídà kúnlẹ̀ síwájú àlejò. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín gbẹ. Èmi ni ìyá Rashídà."

Madame kọjú sí mi, ó ní kí ló wí. Èmi ni ògbufọ̀. Kí lẹ̀ bá ṣe? Mo sọ ọ́ sí i létí pé àǹtí ọmọ náà ni.

Ìkejì kúnlẹ̀. Àǹtí. Ìkẹta. Àǹtí. Ìkẹrin jọ ọmọ ẹ̀ bí ẹni bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí méjì. Mo ní àǹtí ni, wọ́n máa ń jọra nínú ìdílé yẹn.

Ìkarùn-ún ni Ìyá Kòfí. Ẹ̀yà Ewé ni, kò dúró de ògbufọ̀ kankan. Mina, èdè tí gbogbo Lomé ń sọ, ló fi sọ fún Madame pé òun ni ìyá Kòfí, ọmọ Lomé sì ni Madame bíi tiwa. Mo rí i bí ojú ẹ̀ ṣe yí. Kí ó tó la ẹnu, Kòfí ti sáré lọ dì mọ́ ìyá ẹ̀, ìyá ẹ̀ sì wo ilẹ̀.

"Níbo ni bàtà ẹ wà? Mo ra bàtà fún ẹ, o wá fẹsẹ̀ lásán pàdé àlejò?"

Madame ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ìyá sókè. Lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ "décédée", tó túmọ̀ sí pé ó ti kú. Décédée. Décédée. Màmá Tísà gbọ́ Faransé ju èmi àti Madame lọ. Ó dìde.

"Káyọ̀dé."

Ìyá Rashídà bi Màmá Tísà pé kí ni obìnrin yìí ń kà.

"Orúkọ yín ni. Káyọ̀dé kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti kú."

"Ta ló kú?"

"Gbogbo yín."

Ìyá Rashídà gbé abọ́ àkàrà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Èmi? Kí ló pa mí?"

Mo rò pé àwàdà ni. Ó dúró. Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Màmá Tísà fi Faransé bi Madame, ó ní zém ló gbá a.

"Èmi tí mi ò gun zém rí? Láti ilé dé ìdí èédú, fìrì ni. Káyọ̀dé, tó o bá máa pa mí, ṣó ò lè pa mí síbi tí mo máa ń wà ni? Ta ló kírun òkú sí mi lára? Baba Rashídà ti fẹ́ ìyàwó míì àbí kò tíì fẹ́?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní òun náà fẹ́ mọ tòun. Wọ́n bá a béèrè, ó wà nínú àwọn tí ilé wó lù. Ó ní, "Ilé wo? Ilé pákó tí mò ń gbé yìí, tó bá wó, ara á kàn hún mi ni."

Ìyá Kòfí ò rẹ́rìn-ín. Ó mú bàtà ọmọ ẹ̀ nílẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Madame pa tábúlẹ́ẹ̀tì dé. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wọ mọ́tò, wọ́n lọ kíákíá, wọ́n gbàgbé bánà wọn lára ògiri. Lọ́jọ́ kejì, íméèlì dé: ó dùn wọ́n, wọn ò lè bá wa ṣe.

Mo ń retí kí Màmá Tísà pariwo. Kò pariwo. Ó na ìwé ìpè orúkọ sí mi. "Ilé kọ̀ọ̀kan ni wàá lọ. Wàá dọ̀bálẹ̀, wàá kí wọn bí a ṣe ń kí ẹni tó wà láàyè. Tó o bá kí ẹnì kan tán, kí ẹni náà fi ọwọ́ ara ẹ̀ fa ikú tó o kọ síbẹ̀ rẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn ín. Ìyá Rashídà ní kí n ru àpò èédú kan dé ìkóríta ná, òun ò mọ bí òkú ṣe ń ru èédú. Òmíràn ní kí n jókòó jẹ oúnjẹ òkú òun, ó wá bu ata lé e bí ẹni ń bínú. Mo jẹ ẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ wọn ló rẹ́rìn-ín, wọ́n fa nǹkan náà rẹ́, wọ́n ní kí n máa lọ, ọlọ́pọlọ ẹja.

Ìyá Kòfí jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ pẹ́. Ìpẹ́ ẹja ló ń ha lọ́wọ́. Ó wá fi Mina bi mí, jẹ́jẹ́, pé kí ló dé tí mi ò pa ìyá tèmi mọ́ wọn. Ó ní ṣé torí pé tálákà làwọn ló fi rọrùn fún mi.

Mo na ìwé àti bíró sí i. Ó fi ọwọ́ ẹja fa ibà náà rẹ́.

Orúkọ tó gbẹ̀yìn nínú ìwé ni Akúvi. Mo dé ilé ìyá àgbà ẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí òpó. Ta ni mo fẹ́ kí? Akúvi jáde. Mo kiwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, bísíkíìtì ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti rún. Mo nà án sí i. Kò gbà á. Ó ń wò mí.

Ó ní, "Kí ni kí n sọ?"

Mo ní, "Má sọ nǹkan kan. Tìẹ ni."

Ìgbà yẹn ló tó gbà á.

Màmá Tísà ra gíláàsì. Ó fúnra ẹ̀ kọ lẹ́tà sí fáńdéṣọ̀n náà, ojú ewé kan péré, Faransé tí ọmọdé lè kà: ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìyá kan ti kú, ogún wà láàyè, ilé mi ni irọ́ ti jáde, ẹ forí jì wá, òrùlé wa ń jò. Èsì dé. Wọ́n yin òtítọ́ inú wa. Àmọ́ wọ́n ní owó ọdún yìí, ti ọmọ òrukàn ni. Ọmọ tí òbí ẹ̀ wà láàyè kò bọ́ sínú ètò àwọn.

Ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ náà ni pé ìyá wọn kọ̀, kò kú. Èmi fi bíró pa wọ́n, ẹ̀gàn ńlá ni. Àwọn yìí jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ń dúró kí àwọn ìyá kú fúnra wọn kí wọ́n tó fún àwọn ọmọ ní páànù. Mi ò mọ ta ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún ta nínú wa.

Bánà wọn ńkọ́? Màmá Tísà ní kí n pè wọ́n kí wọ́n wá gbé e, òun kì í ṣe olè. Madame ní ká máa lò ó, àwọn ti tẹ òmíràn. Màmá Tísà fọwọ́ pa á wò. Rọ́bà gidi. Ó gùn ju ihò orí búkà lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn òkú mi dé, Ìyá Kòfí náà wá. Wọ́n di àkàbà mú, èmi gun òkè, mo kàn án mọ́ igi, wọ́n ń bú mi láti ìsàlẹ̀ pé mò ń kàn án wọ́. Ojú àwòrán la kọ sísàlẹ̀. Kò bo àwọn páànù ajọ̀ tán, igun kan ṣì ń jò, ibẹ̀ la fi mí sí. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn kékeré ní A, B, D níbẹ̀ báyìí, Màmá Tísà ní ìjìyà mi ò tíì tán.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ bá wa níbẹ̀ ní Ọjọ́rú kan. Ó ń lù ú gbà-gbà-gbà, gbogbo ọmọ gbójú sókè, wọ́n ń retí kó kán. Kò kán. Akúvi dúró síbẹ̀, orí sókè, ó ń fọ́ lẹ́tà gàdàgbà yẹn wẹ́wẹ́. Sou. Ri. Re. Ó bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní ẹ̀rín ni.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín?"

Màmá Tísà ò gbé ojú kúrò nínú ìwé tó ń máàkì. "Àwa ni. Kà á lọ."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kì í pẹ́ lórí mi. Àmọ́ tí ẹnì kan bá sọ fún ẹ pé ìyà rẹ ò tíì tó, lọ fi díẹ̀ kún un kó o tó wá gbowó, má dá a lóhùn. Kọ òrùlé tó ń jò síbẹ̀. Tí wọn ò bá fún ẹ, ó kéré tán, wàá lè gba ìkóríta kọjá lójú ìyá eléèédú.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti fi bíró pa rí kí fọ́ọ̀mù yín lè dùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má purọ́. Màmá Tísà ti ní gíláàsì tuntun, ó máa kà á.